Kí Ẹ Tó Dí Ihò Abẹ́ Òrùlé Yẹn

Mùṣín,
Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Wàsíù mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ilé kíkọ́, ẹ sì kú ìtọ́jú Àǹtí Bùnmi ìyàwó yín àti oyún inú wọn. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá ṣe gba ìwé yìí, ẹ máa yí i sọ́tùn-ún yí i sósì bí ẹni tó bá ejò nínú bàtà. Ta ló tún ń kọ lẹ́tà lórí bébà láyé yìí? Èmi kọ́ o. Bàbá ni. Ọwọ́ lásán ni èmi Ràṣídá yá wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún Bàbá, wọn ò lè kọ ju ìlà méjì lọ kí ọ̀rọ̀ tó máa gun ara wọn bí ewúrẹ́ tó ń sá fún òjò.

Mo ní kí a fi ohùn ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù. Bàbá ní, "Ohùn ni mo fi bá a sọ̀rọ̀ níbi ìkọ́lé lọ́jọ́sí, kò gbọ́. Kọ ìwé. Ọmọ ìwé ni, á kà á." Mo ní kí n tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù nígbà náà. Wọ́n wò mí bíi pé mo ní kí a fi ewé mọ́ín-mọ́ín kan òrùlé. Bí mo ṣe jókòó nìyí láti àárọ̀, ìka mi ti wú bí ilá tó gbó, ẹ sì máa ra nǹkan fún mi tí mo bá dé ọ̀dọ̀ yín ní Yábà.

Ẹ mọ̀ mí, Bàbá ń sọ ọ́, èmi ń fi iyọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ́ tiwọn gan-an, màá kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ilé yín tó wà ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni. Ọ̀tunla, tí í ṣe Sátidé, ni àwọn káfíńtà máa gbé páànù gun òkè. Bí wọ́n bá ti kàn án tán, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Ìdí tí Bàbá kò fi jẹ́ kí n jẹun tán nìyẹn kí wọ́n tó pè mí.

Bàbá ní kí n kọ́kọ́ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà sílẹ̀, bí àwọn ṣe rí i, nítorí bóyá ọ̀tọ̀ ni bí ẹ̀yin ṣe rí i. Wọ́n wọ inú ilé, wọ́n rí bíríkìlà lórí àkàbà, ó ń fi sìmẹ́ńtì dí àwọn ihò tí wọ́n fi sílẹ̀ lókè ògiri, níbi tí òrùlé máa jókòó lé.

"Sọ̀kalẹ̀! Ta ló ní kí o dí ihò yẹn?"

"Bàbá, ẹ má bínú, ọ̀gá tó nilé ló ní kí n dí i."

Ni ẹ bá jáde tẹ̀yin ti fóònù yín, ẹ ń fi ilé àwọn òyìnbó han Bàbá, ilé tí wọ́n dí pátápátá, tí atẹ́gùn ò rí ibi yọjú. Ẹ ní bí atẹ́gùn tútù ò bá rí ibi jáde, éésì ò ní máa ṣiṣẹ́ jù, iná sólà á sì gbé e. Ẹ wá pòwe fún wọn: "Bàbá, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀." Bàbá ní, "Ògiri tí kò lanu rárá, Àkànbí, ibo ló fẹ́ máa gbà mí?" Àwọn lébìrà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, ẹ wá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà tiyín ti lọ." Ibẹ̀ ni Bàbá ti pariwo pé ààrò lẹ̀ ń kọ́, kì í ṣe ilé, tí wọ́n sì bínú kúrò. Jímọ́ọ̀ mẹ́ta ti kọjá báyìí tí ẹ ò wá jẹun nílé. Màámi ṣì ń bu tiyín sọ́tọ̀. Èmi ni mo ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn la ń sọ.

Ó yá, Bàbá wúkọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kìíní rèé.

"Má ṣe gbé oúnjẹ jáde kí wọ́n tó kan páànù tó kẹ́yìn."

Mo rò pé wọ́n ń ṣeré ni. Wọn ò ṣeré. Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá ń kan òrùlé, onílé gbọ́dọ̀ bọ́ àwọn káfíńtà: àkùkọ, ìrẹsì, ẹlẹ́rìndòdò tútù. Àǹtí Bùnmi ti sọ fún Màámi pé òun máa gbé tiwọn dé láago mọ́kànlá kí wọ́n lè jẹ ẹ́ gbóná. Bàbá ní kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí ìkòkò ṣì wà ní bíbò.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fírídọ̀mù iṣẹ́ káfíńtà nígbà náà ni," Bàbá ní. "Ìyá kan tó ń ta bùrẹ́dì ní Ìpọ̀nrí gbé òrùlé fún mi kàn. Ìṣó wà lẹ́nu mi, òórùn àkùkọ ń gòkè bọ̀ wá bá mi. Ìwọ náà wo páànù dáadáa: ó ní gegele, ó ní kòtò. Orí gegele ni a ń kan ìṣó sí, kí a fi róbà sábẹ́ orí rẹ̀, nítorí inú kòtò lomi ń gbà ṣàn lọ. Ṣùgbọ́n gegele ń fẹ́ sùúrù; tí o bá lù ú jù, á tẹ̀. Inú kòtò ló yá jù, nítorí ibẹ̀ ló jókòó lé igi. Ìlà mẹ́ta tó kù, inú kòtò ni mo kàn wọ́n sí, láìsí róbà, kí n lè tètè sọ̀kalẹ̀."

(Bí Bàbá ṣe fi ọwọ́ wọn àkùkọ yẹn fún mi, ràkúnmí ni wọ́n pa lọ́jọ́ náà.)

"Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, ilé di asẹ́. Ìyá yẹn ò bú mi o. Ó ránṣẹ́ pè mí, ó gbé àga sí ibi tó ń jò jù lọ, ó bu ìrẹsì fún mi, ó ní: 'Jókòó, Ràsákì. Ìrẹsì lo bá wá, ìrẹsì rèé.' Mo jẹ ẹ́ tán, omi ń ro tó, tó, tó sínú àwo. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ẹnu ni iṣẹ́ ọwọ́ ti ń bàjẹ́."

Nítorí náà, Ẹ̀gbọ́n mi, kí àwọn káfíńtà fi omi àti bùrẹ́dì gbé ara dúró ná. Kí ẹ̀yin fúnra yín wọ abẹ́ páànù ní ọ̀sán gangan, kí ẹ di ojú títí òkùnkùn á fi mọ́ yín lára, kí ẹ wá là á. Ibi tí ẹ bá ti rí ìmọ́lẹ̀ tó yọ bí ìràwọ̀, òjò náà ti mọ ibẹ̀. Bàbá ní ẹ lè fi gbogbo ọ̀rá ayé dí ilé, bí orí rẹ̀ bá ń jò, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ohun tí ẹ fẹ́ tẹ́ sókè àjà kí ooru má baà wọlé. Bàbá fọwọ́ sí i pé kí ẹ tẹ́ nǹkan. Wọ́n ní, "Oòrùn Èkó kì í kan ilẹ̀kùn. Orí ilé ló ń gbà wọlé." Ṣùgbọ́n Màámi sọ fún wọn pé ọ̀rẹ́ yín kan ní fóòmù àlòkù tó fẹ́ ta fún yín lọ́pọ̀. Háà! Bàbá rẹ́rìn-ín títí mo fi lọ bu omi wá. Wọ́n ní ojú àwọn ti rí i.

Tíṣà kan ló wà ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó níbẹ̀ náà, kò ju òpópónà mélòó kan sí ilé yín. Ó ní yàrá òun ń gbóná. Bàbá ní kó má dààmú. Wọ́n gba ọjà Ládìpọ̀ lọ, wọ́n kó fóòmù inú ìjókòó ọkọ̀ tó ti bàjẹ́, wọ́n tò ó sókè àjà Tíṣà. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Tíṣà fi ń yìn wọ́n káàkiri, ó ní yàrá òun tutù bí abẹ́ igi. Páànù kan wá ṣí díẹ̀. Fóòmù bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Àwọn eku gbọ́ pé ilé tuntun wà lókè, wọ́n kó ẹrù wọn dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Tíṣà àti ìyàwó àti àwọn ọmọ jókòó yí oúnjẹ ká, àjà já. Fóòmù, omi, eku, gbogbo rẹ̀ bọ́ sínú ìkòkò ẹ̀fọ́. Bàbá ní eku mẹ́ta ni. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ọgbọ̀n, nítorí mẹ́ta ò dùn-ún kà. Wọ́n ní kí n má bà wọ́n lórúkọ jẹ́.

Tíṣà bi wọ́n pé, "Ràsákì, àjà lo kàn fún mi ni, àbí o kọ́lé fún eku?"

Ìmọ̀ràn tó jáde níbẹ̀ rèé, bí Bàbá ṣe pè é fún mi: "Lé òjò lọ ná kí o tó lé ooru. Ohun tí o bá máa tẹ́ sókè, kó jẹ́ èyí tí kò ń mu omi, tí eku ò lè fi ṣe ibùsùn, tí iná ò sì ní tètè ràn. Èyí tí wọ́n ṣe fún ilé ni kí o rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún ìdí ènìyàn. Bébà dídán bíi fàdákà tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ páànù, ó dára gan-an, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù. Kí àlàfo tó gba àtẹ́lẹwọ́ wà láàárín wọn. Bí wọ́n bá fara kan ara wọn, ooru á kàn gba inú rẹ̀ kọjá ni. Kí o sì ní kí wọ́n fi ilẹ̀kùn kékeré sílẹ̀ lára àjà, kí ènìyàn lè máa gòkè lọ wo ohun tó ń lọ. Ibi tí ojú ò bá dé, eku ló ń jọba níbẹ̀."

Nígbà tí a débí yìí, a ti kírun Àìlá. Bàbá ní kí n lọ mú àfọ́kù páànù méjì wá nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan dúdú bíi ti èyí tí ẹ rà, ọ̀kan funfun. Wọ́n ní kí n tẹ́ wọn sójú oòrùn, kí n lọ jẹ èyí tó kù nínú oúnjẹ mi. Mo jẹun tán, wọ́n ní, "Gbé ọwọ́ lé wọn." Mo gbé e lé funfun, ó gbóná, ṣùgbọ́n mo lè fara dà á. Mo gbé e lé dúdú. Ẹ̀gbọ́n mi, mo fò sókè dé ibi tí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì wà. Gbogbo àdúgbò rò pé wọ́n jí mi gbé. Bàbá ò tiẹ̀ yí ojú, wọ́n ní, "Kọ ọ́."

Mo ti kọ ọ́. Dúdú ń mu oòrùn, funfun ń dá a padà. Ẹ ní dúdú ló wà lóde, òun ló ń jẹ́ kí ilé ní iyì, ẹ sì ní kí wọ́n fi ògiri yí òrùlé ká kí ó má baà yọ etí. Bàbá ní, "Ta ló ń gbé orí òrùlé tó máa wo ẹwà rẹ̀? Ẹyẹ. Ilé tí òrùlé rẹ̀ ò yọ etí, bí ẹni tó dúró lójú oòrùn láìdé fìlà ni. Ògiri á gbóná, fèrèsé á gbóná, òjò á sì máa fẹ́ wọ ilé láti ẹ̀gbẹ́." Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí ẹ bá ti ra dúdú náà, tí ẹni tó tà á ò gbà á padà, kí ẹ má bá a jà. Ẹ tẹ́ bébà dídán náà dáadáa, ẹ fi ìbòji sórí àwọn fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ máa bá tiyín lọ. Kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ni a ń wó ilé fún.

Bàbá wá ní, "Ọ̀rọ̀ kẹta."

Mo ní, "Bàbá, ti páànù ni ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin la wà."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ láàárín èmi àtìwọ?"

Ọ̀rọ̀ kẹta nìyí, kejì irú rẹ̀.

Bàbá bọ́ fìlà, wọ́n gbé e lé orúnkún. Wọ́n ní, "Kọ ọ́ pé apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà." Mo bi wọ́n pé ṣé kí n kọ ìyẹn gàdàgbà-gàdàgbà. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí tó kù.

Ẹ ò mọ̀, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá lọ kí oníbàárà wọn àtijọ́ kan ní Yábà. Ilé tí ọmọ rẹ̀ kọ́ ni ó wà. Yàrá tí wọ́n jókòó sí ní éésì. Iná lọ. Bàbá ní àwọn ń retí kí yàrá gbóná kí àwọn lè dágbére, kò gbóná. Wọ́n jókòó títí di ìrun Alásárì, yàrá ṣì tutù. Ni Bàbá, káfíńtà àtijọ́, bá dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ yẹ etí àjà wò, wọ́n yẹ fèrèsé wò. Wọ́n ní, "Róbà wà létí fèrèsé. Ibi tí àjà ti pàdé ògiri, wọ́n dí i pinpin. Ibi tí wáyà iná gbà kọjá, wọ́n dí i. Mi ò rí ibi tí abẹ́rẹ́ lè gbà. Mo ní ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí mọ iṣẹ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀."

Nítorí náà, ohun tí Bàbá fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ihò ni wọ́n ń gbèjà. Ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu wọn:

"Àjà ni ààlà. Ohun tó wà nísàlẹ̀ àjà, tí éésì wà nínú rẹ̀, dí i bí o ṣe fẹ́, mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n òkè àjà, láàárín àjà àti páànù, ibẹ̀ ni oòrùn ń kó ẹrù rẹ̀ sí. Bí o bá dí ihò tó wà lábẹ́ òrùlé, ooru náà ò ní ibi tó máa lọ, á jókòó lé yín lórí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣí i sílẹ̀ lápá ọ̀tún, ṣí i sílẹ̀ lápá òsì, kí atẹ́gùn lè gba ọ̀kan wọlé kó gba èkejì jáde. Fi nẹ́ẹ̀tì tó le sí i lójú nítorí eku àti àdán. Atẹ́gùn tútù rẹ ò ní gba ibẹ̀ lọ, nítorí o ti dí àjà. Ihò tí mo tìtorí rẹ̀ pariwo nìyẹn."

Kí n sọ òótọ́, mo rò pé a ti parí. Mo ti ń wá ìdérí bírò. Bàbá ní kò tíì tán, nítorí yàrá tí ẹ bá dí, ènìyàn ló máa wà nínú rẹ̀, ènìyàn sì ń mí. Wọ́n ní kí ẹ fi ihò kan tó ṣeé ṣí tó ṣeé tì sí yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi fáànù kékeré sí i tó ń fa atẹ́gùn tuntun wọlé díẹ̀díẹ̀ láti ibi tó mọ́. Kí ilé ìdáná ní tirẹ̀ tó ń fa èéfín jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ibi tí ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sí fún àsìkò òjò tí sólà ò bá tó. Mo ní mo rí i, ẹ̀yìn yàrá yín ni, lábẹ́ fèrèsé.

Ojú Bàbá yí padà. "Lábẹ́ fèrèsé yàrá tí wọ́n máa gbé ọmọ sí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo wá béèrè ohun tí ó ti ń jẹ mí lẹ́nu: "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ kì í pariwo mọ́ ènìyàn níwájú òṣìṣẹ́. Kí ló dé tí ẹ pariwo mọ́ Ẹ̀gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

Màámi ti wọlé láti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà tàwọn ti agbọ̀n lórí. Màámi ló sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Bàbá Wàsíù, ẹ sọ ọ́ fún un. Òun náà ti fẹ́ di bàbá ọmọ."

Láti ibí lọ, Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò fi iyọ̀ kankan sí i.

"Yàrá kan ṣoṣo la ní nígbà yẹn," Bàbá ní, "ní àdúgbò yìí kan náà. Àsìkò òjò ni, òtútù mú. Ọjọ́ kẹfà tí a bí ọ ni. Gbogbo àgbà ló ń sọ pé kí a jẹ́ kí yàrá abiyamọ gbóná, kí òtútù má baà wọ ìyá àtọmọ lára. Mo da iná eléèédú sínú ìkòkò, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ihò atẹ́gùn mẹ́rin wà lókè fèrèsé. Mo rí i pé ibẹ̀ ni òtútù ń gbà wọlé. Mo gé pákó mẹ́rin ṣe wẹ́kú ihò náà, mo fi àkísà yí wọn létí, mo kì wọ́n bọ̀ ọ́, mo kan ìṣó mọ́ ọn. Mo fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Mo wá dúró, mo wo iṣẹ́ mi, inú mi dùn. Mo ní kò sí káfíńtà tó lè ṣe é jù báyìí lọ. Mo pa ilẹ̀kùn dé, mo lọ síbi iṣẹ́.

"Ìyá Sídí tí a jọ ń gbé ló wá láti wẹ̀ ọ́. Ó kanlẹ̀kùn, kò gbọ́ ohùn, ó rò pé ẹ ń sùn, ó lọ. Ó tún padà wá. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ohun tó dá òun padà ni pé ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́fà kì í dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n já ilẹ̀kùn. Wọ́n pe ìyá rẹ, kò jí. Ìwọ, ojú rẹ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé yín sí àgbàlá nínú òjò. Òjò tí mo ń dí ihò nítorí rẹ̀, òun ló bọ́ sí ọ lójú tí o fi kígbe."

Màámi ti sọ agbọ̀n kalẹ̀. Bàbá ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ:

"Ní ọsibítù tí ìyá rẹ ti jí, dókítà ní èéfín iná eléèédú ni, èyí tí kò láwọ̀, tí kò ní òórùn. Ó ní irú rẹ̀ náà ló ń jáde lẹ́nu jẹnẹrétọ̀. Ó ní kì í pariwo, oorun ló fi ń kunni. Orí òrùlé ni wọ́n ti wá pè mí. Nígbà tí mo délé, Ìyá Sídí di ọ̀kan nínú àwọn pákó náà mú. Kò mọ̀ pé èmi ni. Ó ní, 'Ràsákì, ta ló kàn án báyìí? Ó le yọ o.'

"Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi jìn sí i, mo gòkè, mo wá fi koríko bo ojú rẹ̀. Mi ò sọ fún ọ láti ìgbà tí o ti lè gbọ́ ọ̀rọ̀. Ojú ń tì mí. Ọjọ́ yẹn tí mo dé ibi ìkọ́lé rẹ, mo rí bíríkìlà tó ń dí ihò, ó ń ṣe é dáadáa, ìwọ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, o ń wò ó, inú rẹ ń dùn. Èmi ni mo rí níbẹ̀, Àkànbí. Mi ò rí ọ. Èmi ni mo ń pariwo mọ́."

Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbọ́ ìtàn yìí rí. Mo wo Màámi, wọ́n kàn mi orí. Wọ́n ní ìyá Àǹtí Bùnmi máa wá láti ilé wá tọ́jú ọmọ, àgbà ni wọ́n, wọ́n máa béèrè ìkòkò iná. Màámi ní àwọn fúnra àwọn máa bá wọn sọ̀rọ̀, kí ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Wọ́n ní aṣọ méjì àti fìlà tó fún ọmọ, omi gbígbóná tó fún ìyá rẹ̀, kí iná má wọ yàrá, ì báà ṣe iná eléèédú, ì báà ṣe sítóòfù. Bàbá ní kí ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ géètì, kí ẹnu rẹ̀ kọjú síta, kí ó jìnnà sí fèrèsé àti sí fáànù tó ń fa atẹ́gùn wọlé. Kí wáyà gùn jù sàn ju kí ẹ̀mí kúrú lọ.

Mo bi Bàbá pé kí ni kí n fi parí ìwé. Mo rò pé wọ́n máa ní kí n kọ àdúrà. Wọ́n ní:

"Sọ fún un pé mi ò ní yọjú síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé bí kò bá pè mí. Ilé rẹ̀ ni, òun ló ń kọ́ ọ. Bó bá ka gbogbo èyí tán, tó ṣì fẹ́ dí ihò yẹn, kó dí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ọmọ náà wọ yàrá, màá gbé àga mi dé. Ojú ilẹ̀kùn ni màá jókòó sí, ilẹ̀kùn náà ò ní ṣeé tì, títí ọmọ á fi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kọjá lára mi jáde."

Mo kọ ọ́, mo ń rẹ́rìn-ín, mo rò pé àsọdùn mi ló ti ran Bàbá. Nígbà tí mo gbójú sókè, wọn ò sí níwájú mi mọ́. Wọ́n ti dojú àga wọn délẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ mi ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí n bá àwọn wá òòlù.

Ẹ pe Bàbá, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má jẹ́ kó di Sátidé.

Èmi ni àbúrò yín,
Ràṣídá.